Ẹ gbà mí o, ibo ni kí n kó àwọn òyìnbó yìí lọ?

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ Minneapolis: Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnu mi ló kó bá mi. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ àti òyìnbó méjì kan ń sọ̀rọ̀ ẹja pípa lọ́jọ́sí, ni mo bá dá sí i, mo ní ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, inú ọkọ̀ ojú omi ni bàbá mi dàgbà sí. Bí wọ́n ṣe ní kí n bá àwọn lọ pa bass, ẹja inú adágún kan tí òyìnbó fẹ́ràn, ní ọ̀sẹ̀ kẹta Jánúárì nìyẹn o, èmi ni kí n sì mú ibi tá a máa lọ. Wọ́n fẹ́ ooru, wọ́n fẹ́ ẹja ńlá. Adágún ibi tá a wà yìí ti gan, àwọn èèyàn ń wa mọ́tò lórí ẹ̀. Okeechobee ní Florida, Lake Fork ní Texas, El Salto ní Mexico, ẹ̀wo ni? Ọjọ́ Ẹtì ni mo gbọ́dọ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Mi ò pa bass rí láyé mi, ẹ̀pìyà àti àrọ̀ ni mo mọ̀.

Ìyá Ìbejì Houston: Kí ló tún ń jẹ́ ẹ̀wo ni? Texas! Lake Fork ni wọ́n ti mú èyí tó tóbi jù ní Texas, pọ́n-ùn 18.18, Jánúárì 1992. Jánúárì gan-an o.

Bọ̀dá Orlando: Màmá Ìbejì, ooru ni wọ́n ní àwọn fẹ́. Ẹ sọ fún un pé á wọ jákẹ́ẹ̀tì lórí Lake Fork ní Jánúárì. Àbúrò, Florida ni kó o gbá mú. Bass ibí ti ń wá sí etí omi wá yé ẹyin láti Jánúárì. Ṣùgbọ́n gbọ́ tèmi o. Okeechobee fẹ̀ bí òkun, kò sì jìn, bí ẹsẹ̀ bàtà 9 ló jìn, torí náà kíá ló ń gbóná, kíá ló sì ń tutù. Mo sanwó ọlọ́kọ̀ ọjọ́ méjì ní Clewiston, ìlú etí Okeechobee, owó tí wọn kì í dá padà, alẹ́ ọjọ́ tí mo débẹ̀ ni atẹ́gùn òtútù já láti òkè wá. Bass Florida kò fẹ́ òtútù òjijì rárá, gbogbo wọn panu mọ́ bí onígbèsè tó rí olówó ẹ̀. Ọjọ́ méjì, ẹja kan, kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Ọjọ́ mẹ́rin ni kẹ́ ẹ mú. Kẹ́ ẹ sì ra shiner ààyè, ẹja wẹ́wẹ́ ni, fún ìdẹ, ó wọ́n o, ṣùgbọ́n ìdẹ oníke ò ní ran ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n lò lọ́wọ́.

Àǹtí Baltimore: Láísẹ́ńsì ńkọ́? Ti omi iyọ̀ ọ̀tọ̀, ti omi tí kò níyọ̀ ọ̀tọ̀ ní Florida. Ti omi iyọ̀ ni mo rà, mo gbé e lọ sí adágún Kissimmee, mo ń yangàn. Freshwater, ti omi tí kò níyọ̀, ni kẹ́ ẹ tẹ̀ o, ti ọjọ́ mẹ́ta dọ́là 17 fún àlejò, àmọ́ ọjọ́ mẹ́rin ju ìyẹn lọ.

Káyọ̀dé Chicago: Kó tó dórí ìdẹ, ìwé ẹ ńkọ́? Ẹja El Salto tóbi lóòótọ́, láti Mazatlán lẹ ó ti wa mọ́tò lọ, àmọ́ ìpínlẹ̀ Sinaloa ni, ẹ ka ìkìlọ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà kọ nípa ẹ̀. Tó o bá ní green card, Mexico ò ní bi ẹ́ ní físà. Tí green card tó o bẹ̀bẹ̀ fún bá ṣì wà ní pending, tí wọn ò tíì fọwọ́ sí i, tó o jáde láìgba advance parole, ìyẹn ìwé àyè àtijáde kó o tó padà, wọ́n á ní o ti pa á tì nìyẹn, àwọn tó ní físà iṣẹ́ bíi H-1B àti L-1 ni tiwọn yàtọ̀ díẹ̀. Àbúrò ìyàwó mi lọ síbi ìgbéyàwó ní Cancun, Mexico, ọjọ́ mẹ́ta péré. Lọ́yà ṣì ń gbowó lọ́wọ́ ẹ̀ títí dòní.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ Minneapolis: Yéè! Pending ni tèmi o. Mo ti yọ Mexico.

Alàgbà Dallas: Èmi ni wọ́n mú ní Lake Fork. Íǹsì 20, ó sanra bí ọmọ ẹlẹ́dẹ̀. Mo ti pe ilé pé kí wọ́n gbé omi ata kaná, ni wọ́dà, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣọ́ ẹja, bá ní kí n ṣí kúlà. Bass tó bá ti wà láàárín íǹsì 16 sí 24 níbẹ̀, ẹ dá a padà sómi ni. Mi ò mọ̀. Iye fáìnì yẹn, mi ò ní sọ ọ́, ìyàwó mi wà níbí.

Ìyàwó Alàgbà: Mo ti rí i nínú státímẹ́ǹtì báǹkì tipẹ́.

Káyọ̀dé Chicago: 😂😂😂

Àǹtí Baltimore: Ẹ̀bi ẹni tó ta láísẹ́ńsì fún yín ni, ó yẹ kó sọ.

Ìyá Ìbejì Houston: Ẹ̀bi ta? Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí ibi tí wọ́n ti ń ti ọkọ̀ sómi. Alàgbà ò kà á ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọn ẹja, ẹ pa á lẹ́nu dé, ẹ fún ìrù ẹ̀ pọ̀, kì í ṣe kẹ́ ẹ fojú wò ó.

Alàgbà Dallas: Ẹ̀yin ni mò ń bi, ta ló ń pa ẹja tán tó ń jù ú padà? Ṣé eré la wá ṣe?

Bọ̀dá Orlando: Abo ni àwọn ńlá yẹn, sà. Ìyá ẹja lẹ fẹ́ fi se pẹpẹsúùpù.

Tọ́pẹ́ Atlanta: Ẹ jẹ́ ká fi Texas sílẹ̀. Georgia ló ni bass tó tóbi jù láyé, pọ́n-ùn 22 àti áńsì 4, ọdún 1932, ará Japan kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a dọ́gba ní 2009. Wọ́n sì ní ńṣe ni ẹni tó pa ti Georgia yẹn gbé tiẹ̀ délé, òun àti ẹbí ẹ̀ jẹ ẹ́. Alàgbà, ẹ ò jẹ̀bi.

Alàgbà Dallas: Ọlọ́run bù kún Georgia.

Ìyá Ìbejì Houston: Atlanta tí kò ní ju gọ̀-sílóò lọ. Ẹ wá jẹ àmàlà ní Houston kẹ́ ẹ mọ ìlú.

Dúpẹ́ Peckham: Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà àti ariwo. Bass tiwa níbí, inú òkun ló wà, ọjà ni mo ti ń rà á. Àmàlà Houston wo?

Káyọ̀dé Chicago: Peckham dákẹ́, òjò ń pa yín.

Àǹtí Baltimore: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dárúkọ Ẹ̀pẹ́ yìí lẹ dá mi lóró. Ọjà Olúwo láàárọ̀, ẹja ṣì ń ta pútúpútú nínú agbada, ìyá kan ń bú ọ torí o dúnàádúrà. Ẹja tútù, gàrí Ìjẹ̀bú tó kan. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí mo ti délé kẹ́yìn.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ Minneapolis: Àǹtí, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sunkún níbi iṣẹ́. Ìyá àgbà mi tà níbẹ̀. Tẹ̀ríntẹ̀rín lo máa bá a ná an, kò ní dín kọ́bọ̀.

Tọ́pẹ́ Atlanta: Wọ́n ní ẹja Ẹ̀pẹ́ ò tóbi mọ́ bíi tàtijọ́.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ Minneapolis: Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yin ará Ìbàdàn yìí ná, odò wo lẹ ní? Ó dáa, Florida ọjọ́ mẹ́rin. Okeechobee àbí Kissimmee?

Bọ̀dá Orlando: Ó wà lọ́wọ́ atẹ́gùn o. Tó o bá ń kọjá ní Orlando, pè mí, mo mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ata rodo tó ta.

Alàgbà Dallas: Fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí èmi náà.