Ataare olódidi fún ìkómọ: níbo ni mo ti lè rí i?

Tóyìn, Manchester: Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi la fẹ́ kó jáde ní Sátidé. Obì, orógbó, oyin, gbogbo ẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ataare ló kù. Ará Íńdíà kan ta nǹkan kan fún mi, ó ní òun náà ni, àmọ́ ó ń rùn bí èéfín. Ṣé òun nìyí?

Délé, Houston: Òun kọ́ o. Cardamom dúdú nìyẹn. Mọ̀lẹ́bí atalẹ̀ ni òun àti ataare, àmọ́ iná ni wọ́n fi ń yan tiẹ̀ gbẹ. Fi ẹyọ kan sẹ́nu: tó bá kàn tutù lọ́fun bíi káfúrà, dá a padà. Ataare á ta ọ́ lẹ́nu, kò sì ní tètè lọ. Èyí tí wọ́n ń pè ní “grains of paradise” nínú ìgò, ataare ni, wọ́n ti bó o ni. Ó dáa fún ọbẹ̀. Àmọ́ ta ló ń wúre pé kíkún nilé ataare ń kún, kó wá máa fi ṣíbí bù ú nínú ìgò? Ẹ wá a lọ sí Rye Lane ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, “alligator pepper” ni kẹ́ ẹ bèèrè.

Tóyìn: Ẹ ṣé, Bọ̀dá Délé. Tẹ́nì kan bá ń bọ̀ láti Èkó ńkọ́?

Ìyá Kúdí, Mùṣin: Ọmọ mi, kó yà sí ọjà Ojúwòyè ní Mùṣin níbí, lọ́dọ̀ àwọn lẹ́kúlẹ́jà. Kó má kàn nawọ́ mú èyí tó tóbi. Kó gbé e sétí, kó mì í. Èyí tó gbẹ á dún wọ́rọwọ̀rọ. Èyí tó bá dákẹ́, tó tún wúwo, omi ṣì wà lára ẹ̀, á ti bu kó tó dọ́dọ̀ yín. Kó yẹ èèpo ẹ̀ wò dáadáa, ihò kékeré bí ojú abẹ́rẹ́, kòkòrò ti wọlé nìyẹn. Pépà ni kó fi wé e. Ọ̀rá máa ń mú un làágùn.

Délé: Ẹni tó bá ń gbé e bọ̀ wá sí Amẹ́ríkà, kó sọ fún kọ́sítọ́ọ̀mù pé òun gbé e dání. Èyí tí wọ́n bá fúnra wọn bá nínú báàgì ló lè di owó ìtanràn. Èyí tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìkómọ, ẹ má gún un sílẹ̀ o, òórùn ẹ̀ á fò lọ. Inú èèpo ẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi sí.

Tóyìn: Ìyá, èló ni wọ́n ń tà á báyìí?

Ìyá Kúdí: Iye tí wọ́n bá kọ́kọ́ pè é, kó má san án. Kó sọ pé ìkómọ ni, wọ́n á fi ọ̀kan ṣe èènì fún un.