Báwo ni mo ṣe máa wọlé tọ màmá láì kí wọn?

Ẹ ǹ lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. London ni mo ti ń tọ́jú màmá àgbàlagbà kan tó jẹ́ Júù. Tisha B'Av wọn ń bọ̀, ọjọ́ tí wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ tẹ́ńpìlì méjèèjì tó pa run ní Jerúsálẹ́mù. Bábílónì wó ti àkọ́kọ́, Róòmù sun èkejì lọ́dún 70. Wọn ò ní jẹ, wọn ò ní mu, wọn ò ní wọ bàtà awọ. Orí àpótí kékeré ni màmá ń jókòó sí títí di ọ̀sán. Wọn kì í sì í kí ara wọn.

Ibẹ̀ ló ti kàn mí. Lọ́dún tó kọjá, mo kí màmá káàárọ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n kàn mirí díẹ̀ ni, wọn ò fọhùn. Ó dùn mí gan-an kí ọmọ wọn tó ṣàlàyé lálẹ́. Mo rò ó pé kí n kúnlẹ̀ láì sọ̀rọ̀, àmọ́ ṣé ìkúnlẹ̀ kọ́ ni ìkíni? Mi ò fẹ́ fi iṣẹ́ ọjọ́ náà lé ẹlòmíì lọ́wọ́ o. Lọ́sàn-án, màmá a máa gbálẹ̀ de Mèsáyà tí àwọn Júù ń retí, torí wọ́n gbà pé ọjọ́ ẹkún yìí gan-an ni wọ́n ń bí i. Mo fẹ́ wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá Júù gbé, kí ni mo lè ṣe láàárọ̀ ọjọ́ náà tí wọ́n á fi mọ̀ pé mo bọ̀wọ̀ fún wọn, láì kí wọn?

Ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú.