«Àwòrán iyanrìn» kò gba ʼiikááh

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Àbá orúkọ Yorùbá mẹ́ta ló wà nílẹ̀ fún iṣẹ́ ọnà àwọn Diné, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Navajo, ní Arizona, New Mexico àti Utah: «àwòrán ojú-ilẹ̀» fún èyí tó ń fi òkè àti àfonífojì wọn hàn, «àwòrán iyanrìn» fún ʼiikááh, iṣẹ́ iyanrìn tí wọ́n fi ń ṣe ìwòsàn, «àlọ́» fún ìtàn tó wà nídìí wọn. Mo fara mọ́ ti àkọ́kọ́. Méjì yòókù ni ara mi kò gbà.

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ọnà Yorùbá tú «àwòrán» sí à-wò-rántí. A kì í ṣe ʼiikááh torí ká máa wò ó. Hataałii, ẹni tó ń kọrin ìwòsàn, á tẹ́ iyanrìn pẹrẹsẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú hogan, ilé ìbílẹ̀ àwọn Diné. Á wá máa gba àárín àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá da lẹ́búlẹ́bú òkúta pupa, èyí tó pọ́n bí ìyeyè, èyí tó funfun àti èédú sórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Aláìsàn á jókòó lé e lórí. Tí ìwòsàn bá parí, wọ́n á pa á rẹ́, wọ́n á kó iyanrìn náà jáde. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ gan-an ni ibi tí àwọn Diyin Dineʼé, àwọn Ẹni Mímọ́ wọn, ti ń wọlé, tí wọ́n sì ń jáde. Nítorí náà, «ibùwọ̀ iyanrìn» ni mo dábàá: àlejò wọ̀ síbẹ̀, ó sì lọ.

Ẹnì kan mú «iyanrìn títẹ̀» wá nítorí ọpọ́n Ifá. Lóòótọ́, méjèèjì ni wọ́n ń pa rẹ́. Ṣùgbọ́n babaláwo ń fi ìka ti ìyẹ̀ròsùn kúrò kí ojú odù lè hàn. Hataałii ń da tirẹ̀ lé ilẹ̀ ni. «Tẹ̀» kò bá a mu rárá.

Ẹ jẹ́ ká fi «àwòrán iyanrìn» sílẹ̀ fún èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ pátákó fún títà. Apá kékeré ni wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù pa lẹ́ẹ̀kan, torí bó bá fẹ̀ jù, gọ́ọ̀mù á gbẹ kí iyanrìn tó débẹ̀, iyanrìn á sì máa bọ́ kúrò. Àwọn oníṣọ̀nà tún máa ń mọ̀ọ́mọ̀ yí àwọ̀ kan padà, tàbí kí wọ́n yọ nǹkan kan kúrò, kó má baà di ohun tó ń pe Diyin Dineʼé. Bí a bá fún méjèèjì ní orúkọ kan, a ti da ìyàtọ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe rú.

«Àlọ́» ńkọ́? A kì í fi àlọ́ búra. Tsé Bitʼaʼí, Àpáta Abìyẹ́ ní New Mexico, ni Naayééʼ Neizghání, akọni apa-abàmì inú ìtàn wọn, ti pa àwọn ẹyẹ abàmì tó ń pa ènìyàn jẹ. Ìjọba Diné ka gígun àpáta náà léèwọ̀. Ìtàn ìwáṣẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì kọ «òkè aláró» fún Tsoodził, òkè mímọ́ ti gúúsù. Dootłʼizh tí wọ́n fi ń pe àwọ̀ rẹ̀ kó aró àti àwọ̀ ewé pọ̀. «Òkè dootłʼizh» ni kí ẹ kọ, kí ẹ sì ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.