"Ẹranko àgbàlà" kẹ̀? Ẹ jẹ́ ká tún un wò

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé lánàá ní kí a máa pe ẹranko igbó tí a gbà lọ́wọ́ ikú, tí kò lè padà sígbó mọ́, tí a wá ń mú síwájú àwọn ọmọdé láti kọ́ wọn nípa ìdáàbòbò igbó, ní "ẹranko àgbàlà". Wọ́n ní à- ni àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀, gbà…là ni ọ̀rọ̀-ìṣe, ó parí. Kò parí rárá.

Ẹ yọ àmì ohùn kúrò lórí rẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń kọ Yorùbá lórí fóònù. Ta ni yóò rí "agbala" tí kò ní ka àgbàlá? Ohùn kan ṣoṣo lórí sílébù ìkẹyìn ló ya ẹranko tí a gbà là sọ́tọ̀ sí ẹranko tí a so mọ́ ẹ̀yìnkùlé. Bẹ́ẹ̀ ohun tí a fẹ́ kí ọmọ mọ̀ ni pé ẹranko igbó kì í ṣe ohun ẹ̀yìnkùlé. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ.

"Ẹran ìgbàlà" tí ẹlòmíràn dá lábàá kò yẹ lóhun tí à ń jiyàn lé lórí. Ẹ pe "ẹran" lásán sétí ọmọ, ọbẹ̀ ló máa rò. "Ẹranko ikọ̀" dùn létí ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ikọ̀ a máa padà lọ jábọ̀ fún ẹni tó rán an. Kò sí ẹni tó rán ẹranko yìí wá. Pańpẹ́, ìbọn tàbí ọkọ̀ ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, kò sì ní padà.

Èyí tó ká mi lára jù ni "ẹranko àgbàtọ́", nítorí pé díẹ̀ ló kù kó dára. Ọmọ là ń tọ́. Aláìsàn là ń tọ́jú. Ẹni tó ń tọ́ ọmọ ń fẹ́ kó mọ ìwà òun, kó mọ èdè òun. Ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn ń fẹ́ kó padà dà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ẹ wo ọmọ òwìwí tó já bọ́ látinú ìtẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ojú ènìyàn ló ń rí nígbàkígbà tí oúnjẹ bá dé ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ ayé rẹ̀, yóò gbà pé ènìyàn ni ìyá òun, pé ènìyàn sì ni òun. Konrad Lorenz, ará Austria tó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1973, ṣe ìwádìí rẹ̀ dáadáa: àwọn ọmọ ẹyẹ tó kọ́kọ́ rí i bí wọ́n ṣe jáde nínú ẹyin ń tò tẹ̀ lé e kiri. Òwìwí bẹ́ẹ̀ dàgbà tán, kò wá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ènìyàn ló ń dún sí, tàbí kó fò mọ́ orí ẹni tó ń kọjá nítorí ó rò pé ó wá bá òun du ilẹ̀. Kò ṣeé tú sílẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọṣẹ́ fi ń bo ojú, tí wọ́n ń fi ọmọláńgidi olórí òwìwí bọ́ ọ, tí wọn kì í sọ̀rọ̀ nítòsí rẹ̀. Èyí tó dára jù ni kí wọ́n fi sọ́dọ̀ òwìwí àgbà kan tí kò lè fò mọ́. Òwìwí ló yẹ kó tọ́ òwìwí. Iṣẹ́ ènìyàn ni kó tọ́jú. "Ẹranko àgbàtọ́jú" ni èmi fi sílẹ̀.

Ẹ wo bí ìtọ́jú náà ṣe rí. Egungun ẹyẹ fẹ́lẹ́, ó sì ń yára so. Bí apá bá ṣẹ́ nítòsí oríkèé, tí wọn kò sì tètè tò ó, yóò so ní wíwọ́, oríkèé náà á le gan-an. Ẹyẹ náà lè fò lọ fò bọ̀ nínú ilé kó sì má lè pa ekúté kan nínú igbó. Irú èyí ló kù fún àwọn ọmọ. Àràárọ̀ ni wọ́n ń gbé e sórí òṣùwọ̀n, nítorí ẹyẹ máa ń fi àìsàn pamọ́. Kí àìsàn tó hàn lójú rẹ̀, iye gíráàmù tó wọ̀n ti já wálẹ̀. Inú àpótí tó ṣókùnkùn, tó ní ihò afẹ́fẹ́, tí wọ́n tẹ́ ẹní sí kí èékánná rẹ̀ lè rí nǹkan dì mú, ni wọ́n fi ń gbé e. Àwọn ọmọ jókòó sílẹ̀, ó kéré tán mítà 2 sí i. Ìṣẹ́jú 10 sí 15 ti tó. Bí ó bá ń la ẹnu mí, tó fún ìyẹ́ mọ́ra tó tín-ín-rín, tàbí tó ń fò bọ́ léraléra lórí ìbọ̀wọ́ awọ tí olùtọ́jú fi gbé e, kó padà sínú àpótí, ìbáà jẹ́ àárín ẹ̀kọ́.

Ohun tí ọmọ yóò fọwọ́ kàn ni ìṣù tí òwìwí ń pọ̀ jáde lẹ́nu. Ó sábà máa ń gbé ekúté mì lódindi, á sì pọ irun àti egungun rẹ̀ ní ìṣù dúdú. Ẹ fi ooru pa kòkòrò inú ìṣù náà kí ẹ tó fún wọn. Ọmọ tó bá fi igi tín-ín-rín yọ agbárí ekúté mẹ́ta nínú ìṣù kan ti mọ iṣẹ́ tí òwìwí ń ṣe fún àgbẹ̀.

Ní ti àwọn ẹranko mìíràn, ìjàpá ń kó Salmonella, kòkòrò àrùn tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, kiri láìṣàìsàn: kí ọmọ tí kò tó ọdún 5 má fọwọ́ kàn án, kí àwọn tó kù fi ọṣẹ fọwọ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá 20. Ọ̀bọ, ẹ má tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ ọn. Ẹ má sì ya ẹranko kankan ní fọ́tò ní àyà ènìyàn. Ìwádìí kan tó jáde ní 2011 fi hàn pé àwọn tó rí àwòrán ìnàkí pẹ̀lú ènìyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tètè ń gbà ju àwọn tó rí i ní òun nìkan lọ pé ó ṣì pọ̀ nínú igbó, pé ó sì dára láti sìn nílé.

Ẹ̀gbọ́n ní ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ti ń kọ́ni ní èdè. A mọ̀, a sì ń bọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọdẹ àtijọ́ tó mọ ẹranko lórúkọ àti oríkì kò jókòó ti ìwé gírámà.

Èsì láti ọ̀dọ̀ ẹni tó dá "àgbàlà":

Àbúrò, ẹ ṣeun. Bí a bá torí ẹni tí kò fi àmì sí ọ̀rọ̀ sọ ọ́ nù, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ náà yóò bá a lọ. Àgbàtọ́jú yín sì léwu. Èyí tó ń gbàtọ́jú kó lè padà sígbó pọ̀ ní ibùdó ìtọ́jú ẹranko. Irú wọn kò gbọ́dọ̀ rí ọmọdé rárá. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé wà ní ìyàsọ́tọ̀, ó sábà máa ń tó ọjọ́ 30. Olùkọ́ tó bá gbọ́ "àgbàtọ́jú" yóò ní kí wọ́n kó gbogbo wọn jáde. Kò yẹ ká fi orúkọ kan pe irú ẹranko méjì yìí.

Èsì láti ọ̀dọ̀ ẹni tó dá "àgbàtọ́jú":

Ẹ̀gbọ́n, èyí tó ń padà àti èyí tí kò padà, a kò ha gba méjèèjì là? Àgbàlà kò yà wọ́n sọ́tọ̀ náà. Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀yán, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó ń ṣàlàyé orúkọ, kún un: àgbàtọ́jú arelé fún èyí tó máa padà, àgbàtọ́jú ajókòó fún ti àwọn ọmọ.

Èsì láti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn:

Ẹ̀yin méjèèjì ń sáré. Ṣé tọ́ + ojú kọ́ ni tọ́jú ni? Bí tọ́ bá wà nínú rẹ̀, níbo ni ìyàtọ̀ ọmọ àti aláìsàn yẹn dúró lé? Kí ẹni tó ní ìwé atúmọ̀ èdè àtijọ́ lọ́wọ́ yẹ̀ ẹ́ wò fún wa. "Ajókòó" náà, èmi kò gbà á: ẹyẹ kì í jókòó, bíbà ló ń bà.