Báwo ni àwọn àgbà Amẹ́ríkà ṣe ń mú kí ìjọba gbọ́ tiwọn?

Ìyá Tíṣà, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì: Ẹ kú ilé o. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni mí, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sì ń gbé owó ìfẹ̀yìntì mi lọ. Ọmọ mi tó wà ní Texas sọ pé ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ AARP ń jà fún àwọn àgbà lọ́hùn-ún. Ṣé ẹgbẹ́ òṣèlú ni?

Ọmọ Adó: Ẹ kú àtijọ́ mà. Rárá o, wọn kì í fa olùdíje kalẹ̀. Ethel Percy Andrus, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìntì bíi tiyín, ló dá a sílẹ̀ ní 1958. Ọmọ ẹgbẹ́ wọn ju mílíọ̀nù 30 lọ, ìdí nìyẹn tí aṣòfin fi ń bẹ̀rù wọn. Wọ́n wà lára àwọn tó jà títí òfin 2022 fi jẹ́ kí Medicare, ètò ìlera ìjọba fún àwọn àgbà, máa ná owó àwọn oògùn kan pẹ̀lú àwọn tó ń ṣe wọ́n.

Bàbá Ìjerò: Ti NRA, ẹgbẹ́ àwọn oníbọn ní Amẹ́ríkà, ńkọ́? Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1871 láti kọ́ èèyàn ní ìbọn yíyìn, àmọ́ láti àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti gbájú mọ́ jíjà fún ẹ̀tọ́ ìbọn. Ẹgbẹ́ olówó ló ń pariwo jù níbẹ̀, ó ń dùn mí.

Ìyá Tíṣà: Ẹ ṣeun. Ní ìpàdé àwa tíṣà àgbà, màá ní kí kálukú kọ oògùn tó ń rà àti iye rẹ̀, ká gbé e lọ sílé aṣòfin l'Ádó.