Báwo lẹ ṣe ń ṣa fọ́ǹtì lórí kọ̀ǹpútà yín? Ẹ wá sọ ìrírí

Atẹ̀wé Tákìé
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe pósítà, káàdì ìgbéyàwó, bánà àti ìwé ètò ìsìnkú, báwo lẹ ṣe ń ṣa fọ́ǹtì, ìyẹn irú ojú tí lẹ́tà máa ní? Èmi kì í ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú fóldà Fonts mọ́ láti ìgbà tí mo ti rí NexusFont, ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń ṣí fọ́ǹtì hàn. Orúkọ oníbàárà ni mo máa kọ sókè, gbogbo fọ́ǹtì tó wà lórí ẹ̀rọ á sì kọ orúkọ yẹn ní títò, èmi á kàn máa wò ó wálẹ̀. Ẹ sọ tiyín. Ẹni tó bá fẹ́ polówó flex, rọ́bà tá a ń tẹ bánà sí, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ibí.

Àǹtí Káàdì
Èmi ò ṣa nǹkan kan. Màá yí ojú kọ̀ǹpútà sí wọn, màá ní "Mà, ẹ mú èyí tó wù yín." Ìyàwó á mú ọ̀kan, ìyá ọkọ á mú òmíràn, ọkọ á ní èyí tó bá ti wọ́n kéré jù ni kí n fi ṣe é. Bí ẹni pé fọ́ǹtì ń gba owó lọ́wọ́ wa 😂

Ìyá Ìbejì Àkẹ̀sán
Èmi ò tilẹ̀ fi nǹkan kan kún Windows. Láti 2018 ni Windows 10 ti ní tiẹ̀ nínú Settings: ẹ wọ Personalization, ẹ tẹ Fonts. Ẹ tẹ fọ́ǹtì kan, ẹ kọ ọ̀rọ̀ tiyín sínú àpótí tó wà níbẹ̀, ẹ máa rí bó ṣe máa rí.

Bàbá Onípósítà
Ẹ jẹ́ n sọ èyí tí ojú mi rí. Ẹbí kan lápá Ọjà Jagun ń sìnkú bàbá wọn. Ọmọ wọn tó wà l'Ékòó ti ṣe pósítà náà parí lórí ẹ̀rọ tiẹ̀, ó ní iṣẹ́ tèmi ò ju kí n tẹ̀ ẹ́ lọ. Fọ́ǹtì alárà kan báyìí ni, irú èyí tó máa ń ní ìrù gígùn lábẹ́ y àti g. Orúkọ bàbá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ọ̀ṣ. Mo pe ọmọ náà, mo ní kó wo lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ yẹn dáadáa, ó ní kò sóhun tó ṣe é. Mo tẹ̀ ẹ́.

Bí a ṣe tẹ́ ọ̀kan sórí tábìlì ni Dáwódù ilé wọn wọlé. Ó bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún un wọ̀, ó fi ìka lé ibẹ̀: "Kí lèyí?" Àwọn lẹ́tà yòókù tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n dagun díẹ̀, wọ́n so mọ́ra wọn. Ọ̀ àti ṣ ki pọ́pọ́, wọ́n dúró ṣánṣán, bí ẹni tó wọ aṣọ iṣẹ́ wá sáàárín aṣọ ẹbí. Àmì orí Ọ̀ gan-an ò sí lórí rẹ̀, ó ti sún lọ sókè ṣ. Bàbá yẹn ò pariwo. Ó ká pósítà yẹn, ó ní òun ò ní lẹ orúkọ bàbá òun mọ́ ògiri báyìí.

Ta ló san owó ìwé? Ẹ má bi mí.

Àǹtí Káàdì
A ti bi yín o, Bàbá. Ta ló san án?

Ọmọ Under G
Bàbá, ẹ kú ìnáwó sà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé fọ́ǹtì yẹn ò ní Ọ àti ṣ nínú rárá. Tí fọ́ǹtì ò bá ní lẹ́tà kan, kọ̀ǹpútà á lọ yá a lára fọ́ǹtì mìíràn, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Tí kò bá ríbi yá a, àpótí òfìfo lẹ máa rí.

Ti àmì ohùn tún le ju ìyẹn lọ. Nínú Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, lẹ́tà ẹ ní nọ́ńbà tiẹ̀, 1EB9. Ọ kékeré jẹ́ 1ECD, ṣ jẹ́ 1E63. Ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ ò ní nọ́ńbà kankan. Lẹ́tà la máa kọ́kọ́ tẹ̀, ká tó wá gbé àmì lé e lórí. Bí ẹni tó ṣe fọ́ǹtì ò bá ti ṣètò ibi tí àmì máa jókòó sí, ibi tó bá wù ú ló máa bọ́ sí.

Ìyá Ìbejì Àkẹ̀sán
Ibi tó bá wù ú 😂😂 Àmì aláìgbọràn.

Ajíṣebí
Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ ẹ fẹ́ràn wàhálà. Pósítà òkú! Òjò kan ṣoṣo, ó ti bọ́ sílẹ̀. Ta ló ń dúró ka àmì lára ògiri? Lọ́dọ̀ wa l'Ọ́yọ̀ọ́, lẹ́tà gàdàgbà lásán la fi ń kọ ọ́, gbogbo àdúgbò kúkú mọ ẹni tó kú.

Tísà Òwódé
Ajíṣebí, ọ̀rọ̀ ara rẹ ni kó o sọ, má fi gbogbo Ọ̀yọ́ kún un. Òwódé ni mò ń gbé, mo sì ń fi àmì sí i. Láti 1875 tí àwọn ajíhìnrere CMS ti ṣèpàdé l'Ékòó lórí bá a ṣe máa máa kọ Yorùbá sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà ńlẹ̀. Kì í ṣe ohun tí kọ̀ǹpútà gbé dé.

Ajíṣebí
Mo ti mọ̀ pé Tísà máa gbé 1875 dé.

Bàbá Onípósítà
Tí wọ́n bá kọ orúkọ bàbá tìẹ báyẹn, ṣé wàá gbà?

Ajíṣebí
Jimoh ni bàbá mi ń jẹ́. Ẹ wá àmì sí i.

Àǹtí Káàdì
😂😂😂 Bàbá, ẹ fi í sílẹ̀.

Oníbánà Sábó
Ohun tí ẹ ò sọ ni pé gbogbo irinṣẹ́ wọ̀nyí, gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣí fọ́ǹtì hàn yín. Ẹ tẹ fọ́ǹtì lẹ́ẹ̀mejì nínú Windows, ọ̀rọ̀ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó fo ajá kọjá yẹn lẹ máa rí. Gbogbo fọ́ǹtì ló máa rẹwà níbẹ̀, torí lẹ́tà tó wà nínú wọn náà ni. Èmi ní ìlà kan tí mo tọ́jú sínú Notepad, "Ọ̀ṣẹ́ẹ̀rẹ́ Ẹ̀ṣọ́ ọ̀pọ̀ṣọ̀", kò ní ìtumọ̀ kankan, ìyẹn ni mo máa ń lẹ̀ mọ́ inú àpótí. Èyí tó bá kọ ọ́ láì yá lẹ́tà ni mo máa wá fi orúkọ oníbàárà dán wò.

Atẹ̀wé Tákìé
Èyí dáa. Mo ti da ìlà yẹn kọ. NexusFont mi ti tú wọn fó: èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń yá lẹ́tà! Àwọn fọ́ǹtì ọ̀fẹ́ aláràbarà yẹn gan-an ló burú jù.

Oníbánà Sábó
Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ sára wọn pé ìlò ti ara ẹni nìkan ni. Ẹ̀yin ẹ ń fi wọn ta káàdì.

Àǹtí Káàdì
Ta ni ọlọ́pàá fọ́ǹtì ní Ògbómọ̀ṣọ́? Kó wá mú mi.

Kékeré Apákè
Comic Sans ńkọ́?

Ìyá Ìbejì Àkẹ̀sán
Ẹ má dárúkọ ẹ̀. Oníbàárà kan ní òun fẹ́ fọ́ǹtì "tó ń rẹ́rìn-ín" fún àjọ̀dún ọgọ́rin ọdún ìyá òun, ó wo gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀rọ mi, Comic Sans ló mú.

Ọmọ Under G
Ajá ló fà á o, mà. Vincent Connare tó ṣe é fún Microsoft ní 1994 rí ajá kan tí wọ́n yà nínú ètò kọ̀ǹpútà kan, tí wọ́n fi Times New Roman kọ ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Ó ní lẹ́tà ìwé ìròyìn ò yẹ ajá.

Ìyá Ìbejì Àkẹ̀sán
Bẹ́ẹ̀ lo ṣe wá gbé e fún ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún. O ṣeun, ọmọ mi.

Tísà Òwódé
Ẹ ò tíì rí nǹkan. Kí Unicode tó délé, àwọn fọ́ǹtì Yorùbá kan wà tí wọ́n fi lẹ́tà ẹ sí ipò àmì mìíràn lórí kííbọọ̀dù. Lórí ẹ̀rọ tó ní fọ́ǹtì yẹn, Yorùbá dídán. Gbé fáìlì náà dé kàfé, gbogbo ẹ̀ á di dọ́là àti háàṣì. Àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹgbẹ́ wa kan ṣì wà nínú fláàṣì mi báyìí tí ẹnikẹ́ni ò lè kà.

Bàbá Onípósítà
Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n tẹ Ctrl+Q ní Corel, ètò tá a fi ń ya pósítà, kí wọ́n tó fi fáìlì ránṣẹ́. Lẹ́tà á di àwòrán, kò sí fọ́ǹtì tó máa sọnù mọ́.

Oníbánà Sábó
Bàbá, Ctrl+Q náà ti kó bá ẹlòmíràn. Ẹ ti sọ ọ́ di àwòrán tán, mọ̀lẹ́bí á ní ọdún 87 ni, kì í ṣe 78. Báwo lẹ ṣe máa tún un kọ? PDF tó kó fọ́ǹtì sínú ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, kẹ́ ẹ tọ́jú ojúlówó.

Bàbá Onípósítà
Màá tọ́jú ojúlówó, màá sì tẹ Ctrl+Q. Ẹ má kọ́ mi níṣẹ́.

Oníbánà Sábó
Ó dáa sà.

Ọmọ Under G
Lórí Linux, ètò tí àwọn kan ń lò dípò Windows, irinṣẹ́ àtijọ́ kan wà tó ń jẹ́ xfontsel. Ó pín orúkọ fọ́ǹtì sí abala 14: ẹni tó ṣe é, ẹbí rẹ̀, bó ṣe ki tó, bó ṣe dagun tó, títí dé encoding, ìyẹn àkójọ lẹ́tà tó ń lò. Ẹ máa tẹ abala kan, ẹ mú ohun tẹ́ ẹ fẹ́, àpẹẹrẹ á yí padà nísàlẹ̀. Tí ìparí bá jẹ́ iso8859-1, kò sí lẹ́tà ẹ níbẹ̀, ẹ mú iso10646-1 tó jẹ́ ti Unicode. Tẹ́ ẹ bá sì kọ fc-list :lang=yo, gbogbo fọ́ǹtì tó ní lẹ́tà Yorùbá ló máa tò sílẹ̀.

Ajíṣebí
Abala 14. Òkú á ti jẹrà.

Atẹ̀wé Tákìé
Under G, tí kì í bá ṣe Linux ńkọ́? Èwo ló dá ọ lójú?

Ọmọ Under G
Ẹ̀gbọ́n, Charis SIL, Doulos SIL, Gentium àti Noto. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn, ẹ lè fi wọn ṣòwò, àmì sì máa ń jókòó dáadáa lórí wọn.

Àǹtí Káàdì
Wọ́n dáa fún ìwé. Ta ló máa fi ìyẹn ṣe káàdì ìgbéyàwó? Mo fẹ́ èyí tó ń jó.

Oníbánà Sábó
Àǹtí, ẹ wọ Google Fonts lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ mú Vietnamese níbi tí wọ́n ti ń ṣa èdè. Àwọn ará Vietnam ń lo lẹ́tà ẹ àti ọ bíi tiwa. Dancing Script àti Pacifico wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kì í lo ṣ, ẹ fi ojú ara yín wò ó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ́ tó ní àmì méjì.

Àǹtí Káàdì
Adéọlá àti Fọlákẹ́ ni iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi. Kò sí ṣ níbẹ̀. Mo ti bọ́!

Ọmọ Under G
Àǹtí, ẹ wo ìparí Fọlákẹ́.

Àǹtí Káàdì
Háà! Kí ló dé tí wọn ò jẹ́ Títí àti Wálé?