Ẹ wá sọ ìrírí yín pẹ̀lú àwọn ọmọ Sòmálíà

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣáájú. Ní London, iṣẹ́ òru ni èmi àti ìyá Sòmálíà kan jọ ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Hooyo ni gbogbo wa ń pè wọ́n, "ìyá" ni lédè wọn. Ogun 1991 ló lé wọn kúrò ní Muqdisho, olú ìlú Sòmálíà. Wọ́n máa ń gbé tíì wá nínú fúláàsì, èyí tí wọ́n fi mílíìkì, atalẹ̀ àti èso olóòórùn dídùn kan tó ń jẹ́ heyl sè. Bí wọ́n bá ti ṣí i, gbogbo yàrá á gba òórùn.

Lóru ọjọ́ kan wọ́n bi mí pé, "Ọmọ ta ni ọ́?" Mo dárúkọ bàbá mi. "Ta ló bí i?" Mo dárúkọ bàbá àgbà. "Ta ló bí ìyẹn?" Mi ò mọ̀ ọ́n. Hooyo na ọwọ́, wọ́n ń ká ìka kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń dárúkọ, láti orí bàbá wọn títí dé ẹni kẹrìnlá. Abtirsi nìyẹn. Láti kékeré ni ọmọ Sòmálì ti ń kọ́ ọ sórí, torí òun ló ń fi mọ ẹ̀yà rẹ̀, àti àwọn tí yóò bá a dáwó ìtanràn bí ọ̀ràn bá ṣẹ̀. Obìnrin wọn tó relé ọkọ kì í pa orúkọ bàbá rẹ̀ tì. Oríkì tiwa kún fún ìyìn. Orúkọ ṣáá ni tiwọn, síbẹ̀ ojú Hooyo ń dán bí wọ́n ṣe ń kà á. Ilẹ̀ mọ́, mo pe ìyá mi n'Íjẹ̀bú pé kí wọ́n ka tiwa kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìjọba wọn kò yan àkọtọ́ fún èdè náà àfi ní 1972. Àwa tí a ti ń ka ìwé Àjàyí Crowther láti ayé àwọn bàbá ńlá wa! Ní 1974, wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ pa, wọ́n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sínú ìgbẹ́ kí wọ́n lọ kọ́ àwọn darandaran ní ìwé kíkà. Hooyo lọ. Wọ́n kọ́ àwọn yẹn ní lẹ́tà, àwọn yẹn kọ́ wọn bí a ti ń fún wàrà ràkúnmí lóòró: ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, a ká ìkejì sókè, a gbé igbá lé itan.

Ìràwọ̀ àsíá wọn ní ẹnu márùn-ún, fún ilẹ̀ márùn-ún tí wọ́n pín Sòmálì sí: ti Ítálì, ti Gẹ̀ẹ́sì, Djibouti, Ogaden ní Ethiopia, àti àríwá ìlà-oòrùn Kenya. Ti Ítálì àti ti Gẹ̀ẹ́sì péré ló para pọ̀ ní July 1, 1960. Mo sọ fún Hooyo pé Kétu àti Sákété tiwa wà ní Benin. Wọ́n kàn di ọwọ́ mi mú.

Ẹlòmíràn fèsì: Ẹ ṣeun tí ẹ sọ èyí. Tèmi, Eastleigh ni, àdúgbò tí àwọn ọmọ Sòmálíà pọ̀ sí ní Nairobi. Ẹ̀rọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù aláṣọ kan ń ké ewì. Mo bi aláṣọ náà léèrè ẹni tó ni ewì náà. Ó ní Sayyid Maxamed Cabdulle Xasan ló ni ín, ẹni tó bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì jagun fún ogún ọdún, títí di 1920, tó ń fi ewì jà bó ṣe ń fi ìbọn jà. Ó ní kí n tẹ́tí: ìró kan náà ló gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan ní ìlà kọ̀ọ̀kan, látòkè délẹ̀. Bàbá òun tí kò mọ̀wé ló fi kọ́ òun lẹ́yìn ràkúnmí. Ó tún un gbé sí i, a jọ gbọ́ ọ tán kí a tó dúnàá-dúrà aṣọ.